Ìyàwó Tí Mo Kọ́ Bí A Ṣe Ń To Orúkọ

Bí mo bá rántí ọdún yẹn, òórùn ló máa ń kọ́kọ́ dé bá mi: òórùn yíǹkì ẹ̀rọ fọ́tòkópì tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tó dà pọ̀ mọ́ ti bọ̀ọ̀lì tí obìnrin kan ń yan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àti èéfín àwọn tírélà tó ń gba Ore kọjá lọ sí Bìní. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń jókòó lé nígbà tí wọ́n bá wá fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ gan-an ni gáréèjì ọkọ mi wà. Bí o bá dákẹ́ díẹ̀, wàá gbọ́ àwọn tó ń pe èrò: "Àkúrẹ́, ẹnì kan ló kù." Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan náà ló máa ń kù.

Èmi ni mo kọ́ ara mi ní iṣẹ́ kóòdù kíkọ, bí a ṣe ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Fóònù ni mo fi ń wo àwọn tó ń kọ́ni. Bí mo bá ti wò ó tán, màá dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, á bàjẹ́, màá tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá há síbì kan, ibẹ̀ ni màá wà títí ọ̀nà á fi là fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn nígbà tí mo bá ń fọ aṣọ tàbí tí mo bá dúró de ọ̀kadà lẹ́bàá títì. Ohun àkọ́kọ́ tó wúlò tí mo ṣe ni ètò kékeré kan fún ọ́fíìsì ọkọ mi. Bí èrò bá wọlé, a ó tẹ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìjókòó wọn, á tẹ̀ wọ́n jáde, ọ́fíìsì á mú ọ̀kan, dírẹ́bà á mú ọ̀kan. Ọkọ mi fẹ́ràn ètò yẹn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Bí àlejò bá wá sí gáréèjì, á mú un wá síwájú kọ̀ǹpútà, á ní, "Ìyàwó mi ló fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe é." Mi ò lè sọ fún ọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí lára mi. Kò sí aṣọ tó rà fún mi rí tó dùn mọ́ mi tó o.

Nígbà tó wá sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, mi ò bá a jà. Ẹ̀sìn wa gbà á láyè, ilé olórogún ni wọ́n ti bí èmi náà, mo sì rò pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀. Omifunfun ni ọmọbìnrin náà ti wá. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, kòkó àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Òun fúnra rẹ̀ ti kàwé tán, kò sì ríṣẹ́. Ìyàwó ni mo ń pè é, bí gbogbo ìyálé ṣe ń ṣe. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ tọkàntọkàn débi pé mi ò rí ibi tí mo lè gbà bínú sí i. Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Ìkálẹ̀ ni ìyá ọkọ mi bíi ti ìyàwó, èdè yẹn ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi dàgbà. Èmi tí àwọn òbí mi wá láti ìhà Ọ̀yọ́, mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò rọ̀ mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí ìyàwó ti wọlé, Ìkálẹ̀ ni òun àti ọkọ mi ń sọ. Wọn kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi, gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́: ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò. Síbẹ̀, màá jókòó nínú pálọ̀ mi bí àlejò, màá máa gbọ́ bí ohùn ọkọ mi ṣe ń rọ̀ nínú èdè tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí ọkọ mi fi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó fara ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ìbejì, ọmọ yìí ní làákàyè," ó ní. "Kọ́ ọ níṣẹ́ tí o mọ̀, kó lè máa jókòó ní ọ́fíìsì."

Mo wo ojú rẹ̀ títí. Ó ti pín ilé, ó ti pín ọjọ́, ó ti pín ẹ̀rín. Ohun tó ṣẹ́kù tó jẹ́ tèmi nìkan ni iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì wá ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, bí ẹni tó fẹ́ yá ṣíbí. Mo ní kò burú, kó wá lọ́jọ́ Ajé. Mo pinnu pé màá kọ́ ọ dáadáa, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan wí sí mi, ṣùgbọ́n mi ò ní bá a rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe. Gbogbo ohun tó bi mí ni mo dáhùn, ojú mi kò sì tú ká.

Ó yára gbọ́ àwọn nǹkan ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti kọ́kọ́ há ni orúkọ títò. Ó kọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀léra wọn, ó fún gbogbo wọn ní orúkọ kan tí kọ̀ǹpútà yóò fi mọ̀ wọ́n, ó ní kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n, kó sì gbé èsì rẹ̀ padà sínú orúkọ kan náà. Nígbà tó ní kó fi wọ́n han òun, kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà kọ síta, ìtumọ̀ rẹ̀ ni òfo. Ó wò ó, ó tún un ṣe, ó tún rí òfo.

"Ìyálé mi, ó ti kó àwọn àbúrò mi lọ," ó ní jẹ́jẹ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo ní kó ronú gáréèjì. Bí o bá dé ibi tí èrò ti tò, tí o ní kí wọ́n tún ara wọn tò bí wọ́n ṣe ga sí, ibi tí wọ́n dúró sí náà ni wọ́n á ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa gbé ohunkóhun lé ìwọ tó pàṣẹ lọ́wọ́. Ọwọ́ òfo tí o bá bọ̀ yẹn lo fi rọ́pò àwọn èrò, ni o kò ṣe rí wọn mọ́. Pàṣẹ, kí o fi wọ́n sílẹ̀, kí o wá padà lọ wò wọ́n. Mo tún sọ fún un pé àṣẹ mìíràn wà tí kì í fọwọ́ kan ìlà àkọ́kọ́ rárá, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń da gbogbo wọn kọ sórí ìwé tuntun ní títò, tí ti àtijọ́ á sì wà bó ṣe wà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rántí ibi tó wà, ó sì gbé ọwọ́ padà sórí itan.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà ìjókòó ló fẹ́ tò. Ọ̀kan jáde, mẹ́wàá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mọ́kànlá àti méjìlá, kí méjì tó wá yọjú. Ó ní bóyá kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Mo fi hàn án pé inú àmì àyọlò ló kọ àwọn nọ́ńbà náà sí, ọ̀rọ̀ lásán sì ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀-èdè ló ṣe tò wọ́n: kì í wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tóbi tó, àmì àkọ́kọ́ ló ń wò, ọ̀kan ló sì bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá. Sọ wọ́n di nọ́ńbà ná, kí o tó tò wọ́n. Inú ìwé pélébé kan ló ń kọ ọ́ sí, mo sì ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ síwájú. Ohun tí mo ń rò ni pé èyí tí òun fi ìdajì wákàtí gbọ́ yìí, èmi fi odidi ọ̀sẹ̀ wá a, n kò rí olùkọ́, n kò rí ẹni tó jókòó tì mí. Kì í ṣe nítorí ọkọ nìkan ló ń dùn mí mọ́. Mò ń jowú rẹ̀ pé ó ní mi.

Ọ̀rọ̀ síso pọ̀ ló wá fa èyí tó burú jù. Ó fẹ́ kí orúkọ àwọn èrò jáde lórí ìlà kan ṣoṣo, kí kọ́mà wà láàárín wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń so wọ́n mọ́ra, àwọn kan lẹ̀ pọ̀ láìsí àlàfo, kọ́mà kan sì ń dúró lásán ní ìparí. Mo bi í bóyá ó ti wo àwọn tó ń ta ìgbín lẹ́bàá títì dáadáa. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú dání kí wọ́n tó mú ìgbín. Igi náà ló ń gún gbogbo wọn pọ̀, òun náà ló sì ń hàn láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kọ́mà ni igi rẹ, mo sọ fún un. Òun ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o wá kó orúkọ fún un. Ó ṣe é, ó gún. Ó wá fi nọ́ńbà ìjókòó kún àwọn orúkọ náà, kọ̀ǹpútà kọ̀, ó ní nǹkan kan kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo ní òkúta lo kó mọ́ ìgbín yẹn, igi kò lè gún òkúta. Sọ nọ́ńbà náà di ọ̀rọ̀ ná. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́, mò ń gé ilá ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀. Ìkálẹ̀ ló ń sọ fún ọkọ mi. Mo gbọ́ igi, mo gbọ́ ìgbín, mo gbọ́ òkúta. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tó máa ń gbá àyà mú. Ó ní orí rẹ̀ pé. Kí n má parọ́, ìyàwó sọ pé èmi ni mo ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ẹn-ẹ́n," ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni, èmi ni mo ro ó jáde lọ́sàn-án yẹn, ó ti gba ẹnu ẹlòmíràn, ó ti wọ èdè mìíràn, ó ti lọ gba ẹ̀rín tó jẹ́ tèmi. Ilá tí mo gé lọ́jọ́ yẹn kúnná bí ẹni lọ̀ ọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ìyàwó ti ń jókòó ní ọ́fíìsì gáréèjì. Ó fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n, ó sì tún apá kan ètò mi ṣe fúnra rẹ̀. Dípò kí orúkọ jáde gẹ́gẹ́ bí ìjókòó, ó mú kí wọ́n jáde gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àkọ́kọ́, kó lè rọrùn láti wá ẹni tí a bá ń wá. Kò sẹ́ni tó bá a wí, nítorí ó dára ní ojú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì ọkọ mi yọ̀ kúrò lójú títì nínú òjò lẹ́yìn Ofosu, lójú ọ̀nà Bìní, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú igbó. Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀mí kankan kò bọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan dá lápá, àwọn kan dákú, wọ́n sì ń kó wọn bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn ní Ore. Ọkọ mi ti gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń bá wọn jókòó ní ọ́fíìsì gba ìwé tí ìyàwó tẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará ilé.

Obìnrin àkọ́kọ́ tó pè sọ pé ọkọ òun kò wọ ọkọ̀ kankan, ó wà níwájú òun, ó ń jẹun. Ẹni kejì ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta, ìyá àgbàlagbà kan láti Ajue, ti bú sẹ́kún kó tó gbọ́ pé orúkọ tí wọ́n dá kì í ṣe ti ọmọ òun, ó sì já fóònù sílẹ̀ láìmọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sáré wá pè mí. Mo gba ìwé náà, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀. Orúkọ tò dáadáa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà fóònù ṣì wà bí wọ́n ṣe wọlé. Ọ̀tọ̀ ni ibi tó kó orúkọ sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tó kó nọ́ńbà sí. Ó to orúkọ nìkan, àwọn orúkọ gbéra, nọ́ńbà kò mọ̀. Gbogbo èrò ló ti di ará ilé ẹlòmíràn.

Ìyàwó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo ní kó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n bá òun ṣe é. Mo fa àga kejì, mo jókòó tì í, mo bi í bóyá ó pàṣẹ fún ìlà àkọ́kọ́ láti to ara rẹ̀, tàbí ó dà á kọ sórí ìwé tuntun. Ó ronú. Ó ní òun dà á kọ. Mo mí kanlẹ̀, nítorí ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n ṣe wọlé láàárọ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, a kò sọ nǹkan kan nù. Mo sọ fún un pé kó so orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà rẹ̀ ná, bí ìyá ṣe ń so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, kó tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbéra. Ibi tí orúkọ bá wá lọ, nọ́ńbà rẹ̀ á bá a lọ.  Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa. Ó tutù, ó sì kéré ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìwé tuntun jáde. Ìyá Ajue ni mo kọ́kọ́ pè fúnra mi. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, apá ló dá, ó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ọkọ mi dé, ẹrẹ̀ dé orókùn rẹ̀, wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lọ́nà. Ó bèèrè ẹni tó ba ìwé jẹ́. Ìyàwó kúnlẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mò ń kọ́ ọ. A ò tíì dé ibẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ni." Òótọ́ sì ni, a kò tíì dé ibẹ̀. Ọkọ mi wo èmi, ó wo òun, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká pé kó dìde, kó má sunkún mọ́. Àní nínú gbogbo wàhálà yẹn, ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ tó gbé lé e léjìká yẹn gún mi. Mo rántí gbogbo ìgbà tí ètò mi bàjẹ́ tí kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé tèmi.

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà láti ọjọ́ yẹn. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n tó pè é. A ń sọ̀rọ̀ kóòdù bí a bá ń bó ẹ̀gẹ́, a ń sọ ọ́ bí a bá ń ká aṣọ. Ó máa ń bi mí ní ìbéèrè tí n kò bi ara mi rí, èmi náà á wá a, a ó jọ rí i. Mi ò mọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín. Mo kàn rí i pé mo ti ń rín in. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, à ń jiyàn bóyá kí a to orúkọ kí a tó yọ àlàfo tó wà níwájú wọn, tàbí kí a yọ àlàfo náà ná. Ọkọ mi jókòó láàárín wa, ó ń wo ẹnu wa.

"Ẹ̀yin méjèèjì, èdè wo lẹ ń sọ yìí?" ó ní. "Ẹ ti fi mí sílẹ̀ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo mọ ojú yẹn. Èmi náà ti gbé irú rẹ̀ jókòó nínú pálọ̀ yẹn kan náà. Inú mi dùn, kí n sọ tòótọ́. Mi ò ṣàlàyé ohun tí à ń sọ fún un.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì fi ìlà kan ṣoṣo ṣe ohun tí mo ti kọ́ ọ láti fi ìlà mẹ́fà ṣe. Ó ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo èrò gẹ́gẹ́ bí ìlú tí wọ́n ń lọ, kó sì to àwọn ará ìlú kan náà gẹ́gẹ́ bí ìjókòó wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára, ó mọ́, mi ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"Ẹnì kan ni lórí fóònù, ìyálé mi. A pọ̀ tó ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí n máa fi ìbéèrè dà yín láàmú ni."

Mo ní ó dára. Mo yí ojú sí ẹ̀rọ fọ́tòkópì bí ẹni tó ní ìwé í tẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, mo jẹun, mo sì sùn. Ọjọ́ yìí, mi ò jẹun, oorun kò sì kùn mí. Mo ń rò ó pé ta ni onítọ̀hún, irú ohùn wo ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, ṣé ó mọ̀ pé bí nǹkan kò bá tíì yé ìyàwó, ńṣe ló máa ń dákẹ́, kì í sọ. Ṣé ó mọ̀ pé a ní láti dúró dè é. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí fóònù rẹ̀ bá ti dún, màá fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀, màá tẹ́tí sí i. Mo wá jókòó lọ́sàn-án kan, mo bi ara mi ní ìbéèrè kan tó rọrùn: láti ìgbà wo ni mo ti dẹ́kun kíka ọjọ́ tí ọkọ mi fi wà lọ́dọ̀ ìyàwó? 

Ẹni orí fóònù yẹn náà ló wá sọ fún un nípa ibì kan ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n á sì fi wọ́n síṣẹ́ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Ó ṣe ìdánwò wọn, ó yege. Yóò máa gbé ibẹ̀, yóò máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọkọ mi kò fẹ́ kó lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kọ̀ fún un. Ó wá bá mi.

"Ìwọ lo kọ́ ọ," ó ní. "Bí o bá ní kó lọ, á lọ. Bí o bá ní kó dúró, á dúró."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tí mo máa sọ. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ nítòsí wa tiẹ̀ ti bá mi yọ̀ ṣáájú, ó ní ilé á tún padà di tèmi.  Ìyàwó kò bẹ̀ mí. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó dúró, yóò dúró, yóò sì máa kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe ń ṣe. Mo sì mọ̀ pé ohun tí mo lè kọ́ ọ ti ń tán lọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó jẹ́ kó lọ. Àwọn èèyàn ní mo gbọ́n, mo ti lé orogún mi kúrò nílé láìjà. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wà nínú bó ṣe ń wò mí. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú ọkọ̀ wa gbé e lọ, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo jókòó sínú rẹ̀, mi ò sì ṣe nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí owú jẹ́. Mo ti rò pé nítorí ọkùnrin ni wọ́n ṣe dá a, pé òun ni obìnrin ń jẹ nígbà tí wọ́n bá pín ohun tó ní. Àmọ́ mo ti jẹ ẹ́ nítorí èdè tí n kò lè sọ, mo ti jẹ ẹ́ nítorí olùkọ́ tí n kò rí, mo sì jẹ èyí tó korò jù nítorí ọmọbìnrin tí mo ti pinnu pé n kò ní bá rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wo ibi tó ti ń ta mí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, mo ń rí ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi wà dáadáa. A máa ń fẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tètè pé, àwa méjèèjì, a kì í sì í sọ ọ́ fún ara wa.

Ó ti di ọ̀gá níbi tó wà báyìí, ó ń kọ́ àwọn mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ kéré. Orúkọ tí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà wà lára wọn ni, ó ní, àwọn orúkọ Yorùbá wa, kọ̀ǹpútà kì í tò wọ́n bó ṣe yẹ, ńṣe ló ń kó àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹ, Ọ àti Ṣ lọ sí ìparí pátápátá, lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Mo bi í pé kí ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ, kí ni ẹni orí fóònù sọ.

"Mi ò tíì bi wọ́n, ìyálé mi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè."

Mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ rárá. Mo ní kó má bi ẹnikẹ́ni, kó fún mi di ìrọ̀lẹ́. Mo lé àwọn oníbàárà jáde pẹ̀lú sùúrù, mo fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.